Ẹ gbà mí o, mo ń wá dókítà tó mọ ibà wò ní Colorado

Adùkẹ́_Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ta ló mọ dókítà tó mọ ibà wò dáadáa? Màámi dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ. Láti àná ni wọ́n ti ń wúkọ́, wọn ò sùn mọ́jú. Àwọn dókítà ibí ò mọ ibà, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi màámi kọ́ṣẹ́. Kíákíá ni o.

Bùrọ̀dá_Tìmọ́tì: Ẹ kú ewu ọmọ. Dókítà ọmọ Nàìjíríà kan wà ní Aurora, kò jìnnà sí òpópónà Havana. Òun ló máa ń fún wa lóògùn ibà tí a bá ti ilé dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Ìyá_Bọ́lá: Ọlọ́run á wo ọmọ. Ẹ sọ fún màmá kí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ má gbóná jù, nítorí afẹ́fẹ́ ibí máa ń gbẹ ara ọmọ. Òrí ni kí ẹ fi pa á. Mo ní èyí tó dáa nílé.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ẹ̀gbá: Adùkẹ́, ṣé Leadville lẹ ṣì ń gbé, níbi iṣẹ́ ọkọ yín? Ṣé màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́ẹ́? Ètè wọn ńkọ́, kò dúdú?

Adùkẹ́_Mọ́kọ́lá: Leadville ni, mà. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó. Wọ́n ní bí àwọn bá dùbúlẹ̀, ṣe ló dà bíi pé omi ń hó láyà àwọn. Ara wọn gbóná díẹ̀, ìyẹn ni mo fi ní ibà ni.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹ pe 911 báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ó jọ omi inú ẹ̀dọ̀fóró tí orí òkè ń fà, HAPE là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ìbàdàn ò fi ju nǹkan bíi 200 mítà ga ju òkun lọ, Leadville lé ní 3,000. Ẹni tó bá gòkè lójijì báyẹn, alẹ́ kejì sí ìkẹrin ló máa ń mú un. Bí ọ́síjìn bá dín, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà ni gbogbo wọn ń fún. Ẹ̀jẹ̀ á wá rọ́ lu àwọn tí kò fún, agbára rẹ̀ á pọ̀ jù, omi á sì máa jò sínú àwọn àpò kéékèèké tí èémí ń wọ̀. Ó ń mú ara gbóná díẹ̀, ó sì jọ òtútù àyà. Aspen, níwájú yín níbẹ̀, ni Dókítà Charles Houston ti rí aláìsàn kan, dókítà náà sì kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1960. Òtútù àyà tàbí àìsàn ọkàn ni wọ́n sábà máa ń pè é kó tó dìgbà yẹn.

Ọ́síjìn àti sísọ̀kalẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn dókítà pé Nàìjíríà ni màmá ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà pẹ̀lú.

Kọ́lápọ̀_Springs: Ẹ má gbé màmá lọ sí klíníkì kankan lórí òkè yẹn! Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi láti Èkó, a lọ wo yìnyín. Alẹ́ kẹta, ikọ́ dé. Klíníkì kan gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n kó oògùn fún wa, wọ́n ní ká padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìdájí, itọ́ tó ń tu jáde ti ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí. Mo ṣì ń gbọ́ èémí yẹn lójú oorun.

Ọmọ_Iléṣà: Háà, ẹ pẹ̀lẹ́. Klíníkì wo ni? Ìyàwó mi ní ìpàdé lókè yẹn lóṣù tó ń bọ̀.

Kọ́lápọ̀_Springs: Mi ò ní dárúkọ. Ẹ kàn má lọ.

Bàbá_Rónkẹ́: Ẹ dárúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n! Ṣé kó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì ni?

Bùrọ̀dá_Tìmọ́tì: Ẹ gbé wọn wá sí Denver, kò ju wákàtí méjì lọ.

Awakọ̀_Àkúrẹ́: Ẹ̀gbọ́n, mo ń fi ọkọ̀ ńlá gba ọ̀nà yẹn. Láti Leadville sí Denver, gígòkè lẹ máa kọ́kọ́ gòkè. Fremont Pass fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,450 mítà, ihò Eisenhower tí ọ̀nà gbà kọjá lábẹ́ òkè náà tún wà ní bíi 3,400. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n gbà, US 24, kí wọ́n máa bá odò Arkansas lọ títí dé Salida. Ìsọ̀kalẹ̀ gbáà ni, bíi 60 máìlì, ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹ má fi màmá sínú mọ́tò láìsí ọ́síjìn, ì báà jẹ́ Denver, ì báà jẹ́ Salida. Ilé ìwòsàn wà ní Leadville fúnra rẹ̀. Kọ́lápọ̀, ohun tójú yín rí dùn mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dẹ́rù bà á báyìí, inú ilé ni màmá máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kọ́lápọ̀_Springs: Bí wọ́n ṣe fi wá lọ́kàn balẹ̀ náà nìyẹn.

Bàbá_Rónkẹ́: Ṣé Diamox ò lè ran màmá lọ́wọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ẹ̀gbá: Diamox wà fún ẹni tó fẹ́ gòkè kí orí má baà fọ́ ọ. Kò ní gbẹ omi yìí. Nifedipine, tí ọ̀pọ̀ òbí wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, làwọn dókítà máa ń lò fún un bí ọ́síjìn àti ìsọ̀kalẹ̀ ò bá sí. Ẹ má lọ tú báàgì màmá o, dókítà ni kó fún wọn.

Ọmọ_Iléṣà: Jẹ́nótáìpù wọn ńkọ́? AS ni mí. Mo wa mọ́tò dé orí Pikes Peak, abẹ́ ìhà òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí ọ̀bẹ. Spleen ni wọ́n ní kò rí ọ́síjìn tó. Ẹ sọ fún dókítà.

Adùkẹ́_Mọ́kọ́lá: Mo ti pè wọ́n. Ọkọ̀ ti dé. Wọ́n fi nǹkan tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ìka màámi, 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹ bá wọn lọ. Ẹ gbé ọmọ dání.

Adùkẹ́_Mọ́kọ́lá: Ẹ kú àdúrà o. Ilé ìwòsàn ibí ló kọ́kọ́ gbà wọ́n, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ alọ́síjìn gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí Salida. Àwòrán àyà wọn funfun báláú lápá ọ̀tún. Kò sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀. AA ni wọ́n. Láàárọ̀ yìí wọ́n jẹ ògì, wọ́n sì bá mi jà pé ọmọ ò tíì wẹ̀.

Bùrọ̀dá_Tìmọ́tì: Ọpẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ ní Aurora, yàrá wà lọ́dọ̀ wa.

Bàbá_Rónkẹ́: Ẹ háyà ẹ̀rọ ọ́síjìn kí wọ́n padà sílé yín.

Kọ́lápọ̀_Springs: Ẹ dá wọn padà sí Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́.

Adùkẹ́_Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mi ò ní gbé wọn padà sókè, mi ò sì ní dá wọn padà sílé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wá físà yìí. Èmi àti ọmọ la máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ọkọ mi á máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá mọ yàrá tí a lè háyà fún oṣù méjì ní Salida, tó ní báfù, kó jọ̀ọ́ kọ sí mi. Ìyá Bọ́lá, mo fẹ́ òrí yẹn.