Ilé tí wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń sọ̀rọ̀ lóru

Gbogbo yín ti ń sọ ìtàn ilé tí wọ́n ní iwin ń gbé, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Òṣogbo ni, lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ mọ irú ilé náà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi ọnà Àgùdà (àwọn tó ti Brazil dé) kọ́, fèrèsé onípákó, páánù tó ti dípẹtà látòkè délẹ̀. Ilé Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà) ní ọ̀nà Ìbòkun ni gbogbo ayé mọ̀ nínú irú wọn, kódà láti ìgbà tí màmá ti kú ní 2009, àlejò kò yé wọ ibẹ̀. Èyí tí mò ń sọ kò lókìkí tó yẹn. Òkìkí burúkú ló ní.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ta ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ máa ń rìn lókè, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì kan, àpótí oníwáyà tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn nígbà kan rí, ń sọ̀rọ̀ lóru. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan kì í gba iwájú ilé náà kọjá tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Irọ́ ni ti ọlọ́kadà yẹn. Ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Kẹ́hìndé, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, àwọn ọlọ́kadà la sì bá lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n jókòó ti abọ́ ẹ̀wà.

Inú ilé ń rùn: eruku, ìgbẹ́ àdán, aṣọ ẹlú tó ti pẹ́ nínú àpótí. A kúnlẹ̀ kí Bàbá. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa wò ó, a kì í gbowó ojú."

Kò sí ètò kankan níbẹ̀. Ọpọ́n ayò, ìrùkẹ̀rẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú, abọ́ tánganran tó kún fún ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ oníhò, owó tá a ń ná kí náírà tó dé ní 1973. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà wà lórí pẹpẹ. Mo bi Bàbá léèrè, ló bá gbé e sọ̀kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi: wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ tán pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà yẹn, àpótí yìí kì í dá gbé ohùn láti ojú afẹ́fẹ́ bíi rédíò. Wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a láti ibùdó wọn, Èkó ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935. Tí wáyà bá ti gé, ó tán nìyẹn. Bàbá ní, "Ẹni tó ní òun gbọ́ ọ, kí ló ní ó sọ? Ìròyìn àbí eré?"

Àmọ́ ti ẹsẹ̀ tó ń rìn, etí mi ló gbọ́ ọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó dún pà lókè, ó dákẹ́, ó tún dún pà, pà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kẹ́hìndé di apá mi mú. Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní páánù ni: gbogbo ọ̀sán ló fi yá oòrùn tó sì nà, bí ara rẹ̀ bá ti ń tutù, ó ń sún kì, ó sì ń fa pákó àti ìṣó lọ. Mo gbà, torí káfíńtà ló bí mi, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé wa.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kò sí lókè rárá. Ẹ̀yìn aṣọ kan tí wọ́n ta bíi kọ́tìnì ló wà. Ère ìbejì ni, wọ́n tò wọ́n lórí pákó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹnìkejì. Mo mú ọ̀kan. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ẹnu ti dan, ẹlú ṣì wà lára irun rẹ̀, osùn sì dì sí kọ̀rọ̀ etí. Kì í ṣe ẹjọ́ agbẹ́gilére. Ọwọ́ ìyá ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa bọ́ ọ, a máa fi osùn pa á lára, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, ìka mi ti pọ́n.

Kẹ́hìndé kò fọwọ́ kan ìkankan. Ó bọ́ síta, ó pe Táyé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo gbọ́ ọ tó ń bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀.

Bàbá ní àwọn ẹbí tí ẹ̀sìn wọn kò gbà á láyè mọ́ ló ń kó wọn wá. Bí òun bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn" lòun fi ń kí wọn, òun sì ń se ẹ̀wà fún wọn. Ẹ̀wà tí àwọn ọlọ́kadà ń jẹ níta nìyẹn! Obìnrin kan ra ọ̀kan lọ rí, ó dá a padà, kò sì béèrè owó rẹ̀.

"Kí ló rí, Bàbá?"

"Kò sọ. Èmi náà kò bi í."

Tèmi ni pé mi ò rí iwin kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun kò lè sun inú ilé yẹn, mi ò ní bá a jiyàn, torí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lórí pákó yẹn. Mi ò sì fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni máa tà wọ́n sókè òkun. Òfin pàápàá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Kọ́bọ̀ oníhò ni mo rà ní tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú owó dání o, Bàbá kì í gba tíránsífà. Ẹ má sì yọ fóònù ya fọ́tò láìtọrọ àyè, lójú ẹsẹ̀ ló máa lé yín jáde.