Ṣé kí n tún gbé ọjà mi lé ìkànnì ẹlòmíràn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta. Ìkànnì tí mo ti ń tajà kógbá sílé lójijì; nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi bá a lọ, owó aṣọ mẹ́ta sì há síbẹ̀. Àwọn ńlá pàápàá ń kúrò: ní ìparí 2023, Jumia Food àti Bolt Food, àwọn ìkànnì tí èèyàn ti ń ra oúnjẹ tí wọ́n ń gbé e wá sílé, pa iṣẹ́ tì ní Nàìjíríà. Bí mo bá ní kí oníbàárà kọ́kọ́ sanwó báyìí, "Ẹ jẹ́ n fojú rí aṣọ ná" ni wọ́n ń sọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ìkànnì mìíràn ti ń pè mí, owó ọdún kan ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi wọ́n kí n tó san kọ́bọ̀? Níbo lẹ̀yin ń tọ́jú nọ́ńbà oníbàárà yín sí?