Asofẹ́yẹjẹ: ta ló ti lò ó, kí lojú yín rí?

Ìyá Tòmíwá: Ẹ kúulé o. Wọ́n ní kí màámi máa mu egbò asofẹ́yẹjẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Mi ò fẹ́ "wọ́n ní, wọ́n ní" o.

Ọmọ Ṣakí: Ó ń ṣiṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbá: Ó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún wọn lọ́sibítù, lẹnì kan bá tún rẹ egbò yìí sínú ògógóró fún wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bu ún mu. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe ń dìde lórí ẹní ìrun báyìí, gbì! Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa wọn ìfúnpá wọn, 80/50, ó ti wálẹ̀ jù. Imú wọn ti ń dí ṣáájú, a pè é ní ọ̀fìnkìn. Wọ́n á sùn, wọ́n á tún sùn.

Baba Eléwé: Ògógóró ló fa ìyẹn. Omi ni bàbá mi fi ń sè é, àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n sì ń fún. Ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tó ń ṣépè fún gbogbo ayé, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń han-unrun.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbá: Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kẹ̀?

Baba Eléwé: Ẹ̀yin ẹ wá dì í mú nígbà tó yọ àdá.

Ìyá Tòmíwá: Ọ̀rọ̀ màámi là ń sọ o 😩

Apòògùn Ìlọrin: Imú dídí yẹn gan-an ni kí ẹ wò. Iṣẹ́ èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine, tó wà nínú egbò náà ni. Ó ń tú noradrenaline àti serotonin tí iṣan fi ń ránṣẹ́ dànù kúrò níbi tí wọ́n kó pamọ́ sí. Ìfúnpá á wálẹ̀, ara á rọ̀, ṣùgbọ́n imú á dí, inú lè máa ṣu, ẹlòmíì á sì banú jẹ́ débi pé kò ní fẹ́ rí èèyàn. Téèyàn bá ṣíwọ́ lónìí, kì í kúrò lára lọ́la. Èròjà mìíràn, ajmaline, náà wà níbẹ̀, ìyẹn ń kan lílù ọkàn. Ife wo lẹ máa fi wọn ìyẹn?

Ọmọ Ṣakí: Òyìnbó ló jí i lọ́dọ̀ wa.

Apòògùn Ìlọrin: Lára ẹbí rẹ̀ kan, Rauvolfia serpentina ti Íńdíà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ reserpine, ní Switzerland, ní 1952. Rauvolfia vomitoria ni asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń kó egbò tiwa láti Kóńgò lọ sí Yúróòpù.

Ọmọ Ṣakí: Ẹ ò rí i? Wọ́n kó o!

Adé Peckham: Wọ́n rà á ni, bọ̀dá.

Ọmọ Ṣakí: Èló?

Baba Eléwé: Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á nínú ọ̀rá lọ́jà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lórí ìdúró? Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí oríkèé kan ká, oje funfun, èso pupa wẹ́wẹ́ tí ẹyẹ ń jẹ. Àwọn kan ń gé igi kígi fún yín.

Ṣadé_K: Ṣé òun náà ni ti jẹ̀díjẹ̀dí?

Baba Eléwé: Rárá.

Ìyá Ìkirè: Òun ni lọ́dọ̀ tiwa o.

Baba Eléwé: Ìkirè lẹ ti ń mu ún fún jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹ rọra o.

Ìyá Tòmíwá: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n ti mu ìgò kan tán, wọ́n ní kí n ra òmíì bọ̀.

Apòògùn Ìlọrin: Ẹ má rà á. Ẹ gbé wọn lọ wọn ìfúnpá lónìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n mu ún.

Ìyá Ìkirè: Baba Eléwé, kí lẹ̀yin wá ń fi wo jẹ̀díjẹ̀dí?