Ẹṣin mi ń ju orí sókè bí mo bá fa ìjánu: ṣé ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́ lè gbà mí?

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni mo wà. Mo ní ẹṣin pupa kan tí mo sọ ní Dánfó, torí láti ọjọ́ tí mo ti rà á ló ti hàn pé búrékì rẹ̀ kò dáa. Òde ni mo fi ń ṣe. Mo máa ń gùn ún ṣíwájú mọ́tò ìyàwó, màá mú un jó díẹ̀, àwọn èèyàn á náwó, èmi á fi ra eèrí àti koríko.

Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, wàhálà dé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu gbọ̀ngàn nígbà tí onígángan kan gba ẹ̀yìn yọ sí wa lójijì. Dánfó gbé orí sókè. Mo fa ìjánu. Ó tún gbé e sókè sí i. Mo fà á tagbáratagbára, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, títí ìdí rẹ̀ fi gbá tábìlì àwọn olóúnjẹ. Kúlà ìrẹsì méjì ló dojú dé. Wọ́n yọ owó ìrẹsì nínú owó iṣẹ́ mi, èyí tó kù kò tó owó mọ́tò tó gbé wa lọ.

Nígbà tí mo fọ ẹnu rẹ̀ lálẹ́, mo rí egbò ní igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì, àti ní àlàfo tí kò séyín níbi tí irin ìjánu ń jókòó lé. Ọkàn mi bàjẹ́. Irin yẹn ní ọ̀pá kan tó dìde láàárín, tó ń kan àjà ẹnu rẹ̀ bí mo bá ti fà á. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ni yóò jẹ́ kó gbọ́ràn.

Àbúrò mi wá fi fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin Vienna ní ilẹ̀ Austria ránṣẹ́ sí mi, àwọn ẹṣin funfun nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ láàárín 1729 sí 1735. Ẹṣin ń jó lójú kan, ọwọ́ ẹni tó gùn ún kò mì. Mo wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ṣé ẹ̀kọ́ àtijọ́ yẹn lè wúlò fún èmi tí mò ń gun ẹṣin láàárín gángan àti ọ̀kadà, àbí eré àwọn olówó ni?

Ọmọ Aláró:
Bọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ra irin tó le jùyẹn lọ. Ẹṣin tí kò bá bẹ̀rù ìjánu, ilẹ̀ ni yóò fi olówó rẹ̀ gbá. Àwọn ará Vienna kò gbọ́ gángan rí.

Bàbá Gàárì, Ìlọrin:
Ọmọ Aláró, ìwọ lo máa san owó kúlà kẹta.

Ọmọ Ìgbọ̀nà, mo kí ọ. Pápá pólò ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ tọ́jú ẹṣin kí n tó padà wálé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Òṣogbo kì í fẹ́ gba ìmọ̀ràn ẹṣin lọ́wọ́ ará Ìlọrin, nítorí ohun tójú àwọn ẹlẹ́ṣin wa rí lójú ogun lọ́dọ̀ yín ní nǹkan bíi 1840, nígbà tí àwọn Ìbàdàn wá gbà yín sílẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Irin yẹn ló ń dùn ún. Ẹṣin tí ẹnu ń dùn á gbé orí kí irin lè yẹ̀ kúrò níbi tó ti ń dùn ún. Bó bá sì ti gbé orí, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ wọnú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kù sẹ́yìn, kò ní lè dúró dáadáa mọ́. O ń fà, ó ń sá fún fífà. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kì í rí ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Gángan tó bá yọ sí i níbẹ̀, ẹkùn ni lójú rẹ̀.

Xenophon, jagunjagun ará Gíríìsì kan, ti kọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ohun tí a bá fipá mú ẹṣin ṣe kì í yé e, kì í sì í lẹ́wà, bí ìgbà tí wọ́n ń na oníjó kó lè jó. Dánfó tí ò ń mú jó nígboro ńkọ́?

Ijó yẹn kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Vienna o. Ọmọ tuntun tó bá dé, orí ẹṣin tí ẹlòmíràn fi okùn gígùn mú yípo ni wọ́n ń gbé e sí, láìsí ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí irin tí à ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Oṣù lórí oṣù. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń jókòó, ìjánu ni yóò máa fi gbé ara rẹ̀ ró, ẹnu ẹṣin ni yóò sì máa san gbèsè náà. Bi ara rẹ: lọ́jọ́ yẹn, ṣé ò ń dá ẹṣin dúró ni, àbí ò ń di ìjánu mú kí o má baà ṣubú?

Bọ́ irin yẹn sọnù. Jẹ́ kí egbò jiná. Lẹ́yìn náà, wá irin dídán tó ní oríkèé kan láàárín, kí ọmọ rẹ sì fi okùn mú ẹ yípo. Bí o bá fẹ́ kó dúró, fún ìjánu bí ẹni fún kànìnkànìn, kí o sì tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti gbà fún ọ. Títú yẹn ló fi ń mọ̀ pé òun ṣe é re.

Èyí tó tún máa wúlò wà nínú ìwé kan tí la Guérinière, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ará Faransé, kọ ní 1733: mú èjìká ẹṣin wọnú díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ṣì máa tọ ògiri lọ. Ó dà bí eré, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà nínú á ní láti wọ abẹ́ ikùn kó gbé ẹrù. Nínú ìwúwo ẹṣin, ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Iṣẹ́ wa ni ká ti díẹ̀ sẹ́yìn.

Dókítà Ẹran:
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ló dáa. Grisone, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ará Naples ní Ítálì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1550, ìyà tó ní kí wọ́n fi jẹ ẹṣin kò ṣeé kà fọ́mọdé. Ọmọ Ìgbọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo eyín Dánfó: eyín kékeré kan máa ń hù níwájú àwọn eyín ńlá tó fi ń lọ oúnjẹ, irin á sì máa kọlù ú. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ní Vienna, ó máa ń tó bíi ọmọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Ó ti pé oṣù kan, mo ní kí n wá jábọ̀. Eyín rẹ̀ kò ní nǹkan, ọdún méje ni wọ́n kà fún un. Egbò ti jiná. Ní ìdájí, kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé pápá, ọmọ mi á fi okùn mú wa yípo, èmi á ká ọwọ́ mọ́ àyà. Lọ́jọ́ kìíní, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá, ìdáhùn ìbéèrè yín rèé: ìjánu ni mo fi ń gbé ara mi ró. Odidi ọdún mẹ́fà!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo fún ìjánu díẹ̀, mo tú u, Dánfó dúró. Kò gbé orí. Ó rẹ orí sílẹ̀, ó ń jẹ irin lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àgbàlagbà tó ń jẹ obì, ó wá mí kanlẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ti èjìká wíwọnú yẹn kò tíì bọ́ sí i, bí alákàn la ṣe ń rìn. Mo ti bẹ onígángan kan ládùúgbò, ó ń lù ú láti òkèèrè, ó ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, ó ti tó ogún ẹsẹ̀ bàtà báyìí. Ìgbà wo ni kí n jẹ́ kó gba ẹ̀yìn? A ní òde ní Òkè-Baálẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn kí wọ́n gbé ìrẹsì jìnnà sí wa.