Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé wọ́n fọ́ Belisarius lójú?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn dáadáa, ẹ gbà mí o. Mò ń kọ àpilẹ̀kọ lórí Belisarius, balógun ọba Justinian tó gba ìlú Carthage ní Àríwá Áfíríkà lọ́wọ́ ẹ̀yà Vandal ní 533, tó sì wọ ìlú Ravenna ní Ítálì ní 540. Ìyẹn ò le. Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni mo há sí.

Wọ́n ní ọba fọ́ ọ lójú, ó wá di alágbe ní Constantinople. Àwòrán tí Jacques-Louis David yà ní 1781 tún wá tan ìtàn náà ká.

Mo wo Procopius, akọ̀wé tó bá a lọ sójú ogun, àmọ́ ìtàn ogun tó kọ kò dé 562 tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan balógun. Òpìtàn Theophanes ní wọ́n dá ọlá Belisarius padà fún un ní 563, kò sọ ti ojú fífọ́ rárá. Tzetzes, òǹkọ̀wé ará Constantinople ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ló kọ ọ́ pé Belisarius di ife onígi mú, ó ń ké pé kí wọ́n ta òun lọ́rẹ. Òun náà tún ní àwọn òpìtàn kan ò gbà bẹ́ẹ̀!

Ó ń ṣe mí bíi pé ìtàn John ará Cappadocia, ìjòyè Justinian, ni wọ́n gbé wọ Belisarius, torí Procopius kọ ọ́ pé ìjòyè yẹn tọrọ jẹ nígbà tí wọ́n lé e lọ sí Íjíbítì. Àbá lásán ni ṣá.

Ǹjẹ́ ìwé kankan wà tó ṣáájú ti Tzetzes tó sọ pé wọ́n fọ́ Belisarius lójú? Bó bá wà, kí lorúkọ rẹ̀, apá ibo sì ni kí n ṣí?