Spíríǹgì kúkúrú lábẹ́ Golf 4: bí a ṣe ń ṣe é nílé, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá fẹ́ kí Volkswagen Golf 4 rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ló ń fi spíríǹgì kúkúrú sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan jáàkì, kó kọ́kọ́ mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín họ́ọ̀bù (irin tí táyà so mọ́) dé etí mọ́dígáàdì tó wà lókè rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín díẹ̀ á parọ́ fún yín. Ìwọ̀n yìí ló máa fi hàn yín bóyá rírẹlẹ̀ 30 mm tí wọ́n kọ sára páálí spíríǹgì ni ẹ rí gbà lóòótọ́. Spíríǹgì Golf tó ti rìn fún ogún ọdún ti sábà jókòó fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ra 30 mm lè rí 20 péré. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ara ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ti ka ìwọ̀n inú páálí.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀: jáàkì onítáyà, stand méjì tó dára (irin tí ọkọ̀ máa jókòó lé), sókẹ́ẹ̀tì 16, 17 àti 18, spánà róngì 21, allen 7, spánà tọ́ọ̀kì (èyí tó ń wọn bí a ṣe fún bọ́ọ̀tì le tó), irin méjì tí a fi ń fún spíríǹgì pọ̀, àti hámà. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe stand o. Irin máa ń tẹ̀ kó tó já, ẹ ó sì rí i. Bulọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń fọ́. Ẹ ra máúǹtìn ṣọ́ọ̀kù àti bearing orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, torí iṣẹ́ kan náà lẹ máa tún ṣe bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù mú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ tú bọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jókòó sórí stand, ẹ yọ wáyà ABS (ti ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bírékì) àti ọ́ọ̀sì bírékì kúrò nínú ìkọ́ wọn lára ṣọ́ọ̀kù. Ẹ má gé nǹkan kan, ẹ ò sì ní tú ọ́ọ̀sì rárá. Ẹ tú línkéèjì stabilizer (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́), kí ẹ sì yọ bọ́ọ̀tì mẹ́ta tó so bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mọ́ lower arm, apá irin ìsàlẹ̀ tó di họ́ọ̀bù mú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká kó lè padà síbi tó wà. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀bù fì sórí ṣáfútì, irin tó ń yí táyà. Ẹ fi wáyà tó nípọn so ó rọ̀. Bí ṣáfútì bá yọ nínú jọ́ìǹtì rẹ̀ lápá gíàbọ́ọ̀sì, ọjọ́ yẹn ti di ti gíríìsì.

Ibi tí Golf 4 ti máa ń dá àwọn tó mọ Toyota lójú rú rèé. Bọ́ọ̀tì méjì tó ń di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù Toyota kò sí níbí. Ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù wọ inú irin họ́ọ̀bù bí ọwọ́ ọkọ́ ṣe ń wọ ojú rẹ̀, bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló ń fún un pa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn irin yẹn. Ẹ yọ bọ́ọ̀tì náà, kí ẹ ki ojú irin tí a fi ń la ìlà, 5.5 × 8 mm, bọ inú ìlà náà ní apá tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá yí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo kí apá 8 mm lè la irin náà. Ẹ ó rí i tí ìlà náà ṣí bí ẹnu ẹja. Ẹ da epo tó ń tú ìpẹtà sí i, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ máa fi hámà lu irin họ́ọ̀bù lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kù. Àwọn kan máa ń fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì la ìlà náà. Irin dídà ni irin ọ̀hún, bó bá sán, họ́ọ̀bù lẹ máa lọ wá ní ọjà Ládípọ̀.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òkè kún un, torí ibẹ̀ ni ìpalára wà.

Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí ṣọ́ọ̀kù Golf 4. Èyí tí ẹ rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ìdérí oníke, ọkọ̀ ló fi di ṣọ́ọ̀kù mú. Ẹ lè tú u láìbẹ̀rù. Sókẹ́ẹ̀tì lásán kò ní ṣe é, torí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù á máa bá a yí, nítorí náà spánà róngì 21 ni ẹ máa fi yí nọ́ọ̀tì, kí allen 7 di ọ̀pá mú láàárín. Kí ẹnì kan di ṣọ́ọ̀kù mú nísàlẹ̀ kó má bàa já lu yín. Nọ́ọ̀tì kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ má tíì fọwọ́ kàn. Òun ló ń di spíríǹgì tó wà ní fífún mú.

Irin méjì tí a fi ń fún spíríǹgì gbọ́dọ̀ dojú kọra, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan spíríǹgì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan gbá òrùka tó pọ̀ tó lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ yí ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kọjá sí èkejì. Ẹ má fi máṣíìnì afẹ́fẹ́ yí i. Ìgbà wo lẹ máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ fi ọwọ́ gbá spíríǹgì mú kí ẹ gbìyànjú láti yí i nínú àwo rẹ̀. Bó bá yí wẹ́rẹ́, tí ẹ gbọ́ tó ń ta kọ́kọ́kọ́ lára irin, agbára rẹ̀ ti kúrò lórí nọ́ọ̀tì. Bí kò bá yí, nọ́ọ̀tì yẹn ṣì ń di ẹrù mú. Ẹni tó bá ń tú u kò gbọ́dọ̀ gbé ojú sókè ọ̀pá náà. Wáyà àti okùn tí àwọn kan fi ń so spíríǹgì pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá ń kó tuntun jọ, ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára spíríǹgì. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà láìdorí kodò. Ẹnu spíríǹgì nísàlẹ̀ máa ń dúró kan ìdènà kékeré tó wà nínú àwo ṣọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ á máa dún "tọ́n" nígbàkigbà tí ẹ bá ń kọ́nà, torí spíríǹgì ń wá ibi tó máa jókòó sí. Rọ́bà tó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù ńkọ́? Ìwé tó bá spíríǹgì wá máa sọ bóyá kí ẹ gé e àti iye tí ẹ máa gé. Kì í ṣe pé kí ẹ jù ú nù. Láìsí i, irin á máa gbá irin nínú gbogbo kòtò.

Iye tí ẹ máa fi spánà tọ́ọ̀kì fún wọn pa: nọ́ọ̀tì òkè, 60 Nm. Bọ́ọ̀tì táyà, 120 Nm, ní àgbélébùú.

—

Ti ẹ̀yìn kò le rárá, àwọn èèyàn kàn máa ń sọ ọ́ di líle ni. Spíríǹgì ẹ̀yìn Golf 4 kò sí lára ṣọ́ọ̀kù, ó dá dúró lórí irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ẹ kò nílò irin tó ń fún spíríǹgì. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ irin yẹn láàárín, kí ẹ tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá rọra sọ jáàkì kalẹ̀. Tí ẹ bá tú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, irin náà á lọ́, spíríǹgì ò sì ní jáde. Kí ẹnì kan máa wo ọ́ọ̀sì bírékì àti wáyà háńbírékì bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń nà, ẹ dúró.

Rọ́bà méjì ló wà fún spíríǹgì kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ dá wọn padà. Ọ̀pọ̀ àròyé pé ẹ̀yìn ń dún, rọ́bà tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì iṣẹ́ ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí: gbogbo bọ́ọ̀tì tó la búṣì kọjá, ẹ má fún wọn parí nígbà tí táyà ṣì ń fì lófuurufú. Ẹ kàn fà wọ́n mọ́ra. Ẹ gbé táyà sórí pákó tó nípọn kí ọkọ̀ jókòó bí ẹni pé ó wà lójú títì, ìgbà náà lẹ máa wọlé sábẹ́ rẹ̀ fún wọn pa. Rọ́bà búṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ níta àti nínú. Bí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ nà sílẹ̀, á wà ní lílọ́ lọ́sàn-án lóru, á sì tètè ya.

—

Fún àwọn tó ń bi mí pé ṣé kí pánẹ́ẹ̀bítà má kàn gé spíríǹgì tó wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀: ìṣirò rẹ̀ kò pọ̀. Spíríǹgì tí òrùka mẹ́fà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá gé ọ̀kan, ó di 6 sí 5, ó fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ṣọ́ọ̀kù yín kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, kò sì lágbára láti dá a dúró, ọkọ̀ á máa fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gé òrùka tó fi 40 mm jìnnà sí èkejì kò ní rí 40 mm, torí èyí tó kù ti le, kò sì tẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹnu tí wọ́n gé kò bá àwo mu mọ́. Àwọn tó ń fi iná gáàsì yọ́ ọ kó lè jókòó tún burú jù wọ́n lọ: iná ti pa agbára irin yẹn, ibi tí wọ́n yọ́ ló máa kán.

Spíríǹgì Eibach tàbí H&R, tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, wà ní ìwọ̀n nǹkan bí 30 sí 40 mm fún ọkọ̀ yìí. Ní tèmi, 30 tó fún ọ̀nà wa. Ṣọ́ọ̀kù tó wà lára ọkọ̀, bó bá ṣì ní okun, lè gbà á. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra ṣọ́ọ̀kù kúkúrú, torí ti ilé iṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa da epo.

Ẹ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Àwo epo lábẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Golf 4, aluminiọ́mù ni. Ti irin máa ń wọnú bó bá gbá bọ́ǹpù. Ti aluminiọ́mù máa ń là, epo á sì ti tán kí iná pupa tó tàn lójú ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ wá irin ìdáàbòbò sábẹ́ rẹ̀ kí spíríǹgì tó wọlé.

—

Ìbéèrè kan: ìgbà wo ni ká lọ ṣe alignment, ìyẹn títo ojú táyà? Ṣé lọ́jọ́ náà?

—

Rárá, ẹ máa wa ọkọ̀ náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí spíríǹgì jókòó, kí ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó lọ. Bí síyárìn bá wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ má dúró, ẹ lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì padà lọ. Rírẹ̀ sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí orí táyà iwájú rọ̀ sínú, ó sì ń yí ìdojúkọ wọn padà. Ìdojúkọ yìí ló ń jẹ táyà jù. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú síta, kí ẹ tún ra á padà. Bó bá dán lọ́nà kan tó sì ń hún ọwọ́ bí ayùn lọ́nà kejì, alignment yín kò tọ́. Ilé iṣẹ́ kò fi ibi tí a ti ń yí rírọ̀ táyà iwájú sí Golf 4, ju pé kí ẹ sún irin ńlá abẹ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Oníṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ fi jáàkì tẹ nǹkan fún yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Fún àwọn ará wa ní London: ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kí spíríǹgì tó wọlé, torí àtúnṣe ni wọ́n kà á sí. MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ níbẹ̀, náà máa wo bóyá spíríǹgì jókòó dáadáa sínú àwo rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i nílé kí ẹ fọwọ́ mi spíríǹgì ẹ̀yìn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tán. Bó bá ń yí kiri nínú ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀kù yín gùn jù fún un.