"Ìṣègùn kékeré" ò bá nanomedicine mu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ mú wá pé ká máa pe nanomedicine, ìyẹn fífi ohun tín-ín-tìn-ín tójú ò lè rí gbé oògùn lọ sínú ara, ní "ìṣègùn kékeré", àmọ́ mi ò gbà o, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn kékeré, ohun tó máa wá sí wa lọ́kàn ni pé ẹ̀fọ́rí àti ọ̀fìnkìn ló ń wò. Àìsàn kọ́ ló kéré níbẹ̀, ohun tó ń gbé oògùn lọ ló kéré.

Ẹ wo Robert Langer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. 1974 ló gboyè dókítà nínú ẹnjiníà kẹ́míkà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wọ iléeṣẹ́ epo, òun gba ọsibítù àwọn ọmọdé lọ ní Boston, lọ́dọ̀ Judah Folkman tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, nígbà tó fi máa di 1976 wọ́n ti fi hàn pé nǹkan bíi róbà lè gba oògùn sínú kó sì máa jò ó jáde díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni pẹlẹbẹ kan tí oògùn wà nínú ẹ̀, tó tó owó ẹyọ, ti jáde: tí wọ́n bá gé jẹjẹrẹ inú ọpọlọ kúrò tán, wọ́n á tò ó sójú ihò yẹn, tó 8 nígbà míì, á máa yọ́ síbẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1996. Ìyẹn ṣì ṣeé fojú rí, Doxil, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1995, ńkọ́? Ọ̀rá tín-ín-tìn-ín ni wọ́n fi wé oògùn náà kó má bàa ṣèpalára fún ọkàn tó ń lù láyà aláìsàn tó bó ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá wé e.

Àbúrò wa tó ní ká fi "aràrá" túmọ̀ nánò sọ òótọ́, ohun tí nánò jẹ́ lédè Gíríìkì nìyẹn, ṣùgbọ́n "oògùn aràrá" á dún bí oògùn tí wọ́n ń fún aràrá. Ẹ jẹ́ ká fi nánò sílẹ̀ bá a ṣe fi mítà àti kílò sílẹ̀: "ìṣègùn nánò". Ohun tín-ín-tìn-ín tó ń gbé oògùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká dá orúkọ fún, èmi sọ pé "agbóògùn".

Ẹni tó ní "ìmọ̀ ẹ̀rọ" tá a fi ń pe iṣẹ́ ẹnjiníà ò yẹ iṣẹ́ Langer torí Langer ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ẹ rántí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́, inú rírọ yẹn ni ẹ̀rọ ti wá. Ẹ ṣáà fàmì sí i, kẹ́nikẹ́ni má kà á sí ẹ̀rọ̀.